Rocket ti oṣù kẹwàá ọdún 1829: àkọsílẹ̀ àtúnṣe orí tábìlì ilé ìdáná

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kìíní 2025

Pọ́n-ùn 22 ni mo ra ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ ojú irin kan. Ọkùnrin tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ láti 30, èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti 12, a sì jọ ná an bí ẹni tó ń ná iṣu ní Bódìjà, títí ojú fi ń ti ìyàwó mi tó dúró tì mí. Inú agolo bisikíìtì ló wà: ẹ́ńjìnnì kan, tẹ́ńdà kan (ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ń gbé omi àti ohun ìdáná tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì), kóòṣì èrò kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, àti ọmọlangidi ike mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn kò lórí. Kò sí páálí. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń kó ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ jọ, páálí lásán lè bu owó gidi lé ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe, tí kò fẹ́ tà á, èyí tí kò ní páálí ni tirẹ̀.

Rocket ni. Ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ Robert Stephenson ṣe ní Newcastle, tó yege ní oṣù kẹwàá ọdún 1829 níbi ìdíje Rainhill, tí wọ́n fi wá ẹ́ńjìnnì fún ojú irin Liverpool àti Manchester, tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn pọ́n-ùn 500. Manchester ni mò ń gbé, Rainhill kò sì jìnnà sí wa. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Liverpool ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí dòní. Nígbà tí wọ́n gbé ojúlówó Rocket wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa níbí ní 2018, mo mú ọmọ mi obìnrin lọ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ó ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé, ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ yẹ́lò tí páìpù èéfín rẹ̀ funfun báláú. Èyí tó wà níwájú wa dúdú, ó ti gbó, sílíńdà rẹ̀, ibi tí oru ti ń ti písítìnì, fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, àpótí iná tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Dádì, òun kọ́ nìyí."

N kò dá a lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí mi lọ́kàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìdíje tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún Rocket ṣe. Wọ́n sọ sílíńdà rẹ̀ kalẹ̀, torí pé bó ṣe dagun tẹ́lẹ̀ ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa mì jìgìjìgì lórí réèlì. Wọ́n kan àpótí èéfín mọ́ iwájú rẹ̀, ibi tí èéfín ń kó jọ sí kó tó gba páìpù jáde. Ní 1836 wọ́n tà á, ó lọ ń fa èédú kiri. Nígbà tó fi máa dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1862, ohun tó kù lára rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ohun táwọn èrò Rainhill pàtẹ́wọ́ fún.

Èyí tó wà nínú agolo mi wá burú jùyẹn lọ. Sílíńdà rẹ̀ dagun bíi ti 1829, àmọ́ àpótí èéfín ti ẹ̀yìn ìgbà náà wà níwájú rẹ̀. Páìpù èéfín dúdú. Táńkì irin onígun mẹ́rin ló wà lórí tẹ́ńdà. Ẹni tó ṣe é gé orí ọdún kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ọdún mìíràn. Àwọn ènìyàn á sì máa bi mí pé ṣé ẹ̀dà yìí bá ti àtijọ́ mu. Ti ọjọ́ wo nínú àtijọ́?

Mo ti mú ọjọ́ kan: Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹwàá 1829, ọjọ́ tí Rocket sá eré ìdíje tirẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kìíní

Mọ́tò ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Inú tẹ́ńdà ló wà. Tẹ́ńdà ló ń ti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, bí ìgbà tí ọmọ bá ń ti ìyá rẹ̀ gun òkè. Mo fún un ní iná fóòtì 12. Kò mira. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, òórùn bẹ̀rẹ̀. Mo pa á kíá.

Nígbà tí mo tú u, gíríìsì inú rẹ̀ ti gan bí oje igi. Mo fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ jíà kọ̀ọ̀kan. Kábọ̀nù méjèèjì tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò ti jẹ, àmọ́ wọ́n ṣì lè ṣiṣẹ́. Òrùka bàbà tí kábọ̀nù ń fara kàn ti dúdú. Rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni mo fi nù ún títí ó fi padà pupa, torí sáńpépà máa ń ha á. Mo wá fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára òrùka náà. Lẹ́yìn náà ni mo fi mítà wọn àmáṣọ̀, ìyẹn irin àárín tí wọ́n we wáyà mọ́, kí n lè mọ bí wáyà apá kọ̀ọ̀kan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, ní óòmù: 9.1, 9.0, 9.2. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ iná, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń we mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta. Ohun tó máa ń sọ fún wa ni pé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bára mu, ẹ má tú wáyà yín o, ibòmíràn ni kí ẹ wá àìsàn náà lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo to ó padà, mo kán òróró ìránṣọ díẹ̀ sí i, ó sì yí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kìíní

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ iná. Lálẹ́ òní, mo fi àyọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì jó tẹ́ńdà.

Wáyà tó ń gbé iná láti ara wíìlì lọ sí mọ́tò ni mo fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, mo sì gbé àyọ̀nù lé e pẹ́ jù. Ike yọ́. Pẹpẹ tẹ́ńdà tẹ̀ kòtò bí àmàlà tí wọ́n fi ṣíbí tẹ̀ lórí. Mo pariwo. Ìyàwó mi yọjú láti pálọ̀, ó ní ṣé iná gbé mi ni, mo ní rárá, ó ní kí n wá sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kìíní

Nígbà tí orí mi wálẹ̀, mo rí i pé ìparun náà ṣe mí lóore. Nathaniel Worsdell ló ṣe tẹ́ńdà Rocket, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe kóòṣì ẹlẹ́ṣin, ó sì ṣe é bí oníkóòṣì ṣe máa ṣe é: férémù igi, pákó, àgbá igi ńlá kan tí omi wà nínú rẹ̀. Àgbá bíi ti ọtí, tó sùn lórí ọkọ̀. Táńkì onígun mẹ́rin yẹn kò ní ibi tó máa jókòó sí tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ro kọfí ni mo fi ṣe pẹpẹ tuntun. Ó bá òṣùwọ̀n mu débi pé ó dà bíi pé ìdí tí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àgbá ni iṣẹ́. Mo gé igi ìgbálẹ̀ àtijọ́ kan, mo fi fáìlì fá a kí ikùn rẹ̀ lè yọ díẹ̀ láàárín, mo fi ọ̀bẹ fa ìlà pákó sí i lára yípo, mo wá fi bébà tín-ín-rín tí mo kun dúdú ṣe ìgbànú irin rẹ̀. Àmọ́ ibi tí àgbá fẹ́ jókòó sí gan-an ni orí mọ́tò ti yọ. Mo gbẹ́ inú àgbá náà jáde láti ìsàlẹ̀, ó ku èèpo nìkan, mo sì gbé e bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbé tẹ́ńdà náà sétí báyìí, ó ń kùn bí ìgbà tí oyin bá wà nínú kèrègbè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kìíní

Òṣùwọ̀n tí mò ń lò ni kí ẹsẹ̀ bàtà 1 di mìlímítà 4. Bọ́ílà Rocket, àgbá irin tí omi ti ń hó, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 4, nítorí náà tèmi gbọ́dọ̀ jẹ́ 24 ní gígùn, 13.3 ní fífẹ̀. Wíìlì kékeré tó wà lẹ́yìn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀: 10 gééré. Wíìlì ńlá tó ń fà á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àti ààbọ̀: 18.8. Tinú agolo jẹ́ 18.5. Mo fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ tó wúwo máa ń jẹ wíìlì rẹ̀ náà.

Lónìí ni mo gbé e lọ fún bàbá kan tí àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ládùúgbò máa ń lọ bá fún ìmọ̀ràn. Òyìnbó ni, mẹkáníìkì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í sì í yin ènìyàn. Ó yẹ àgbá wò, kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ abẹ́ ẹ́ńjìnnì wò, ó wá bi mí pé mélòó ni àlàfo ojú irin mi. Mo ní 16.5. Ó ní, "Ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àti ààbọ̀ ni gíga wíìlì Rocket. Mélòó ni fífẹ̀ ojú irin rẹ̀?"

Iye kan náà ni. Lára Rocket gidi, bí wíìlì ṣe ga náà ni ojú irin ṣe fẹ̀. Lára tèmi, wíìlì 18 àti ààbọ̀ ń rìn lórí ojú irin 16 àti ààbọ̀, bí àgbà ọkùnrin tó wọ sálúbàtà ọmọ rẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tèmi nìkan, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ọkọ̀ kékeré aládùúró-lórí-tábìlì fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1920 sí 1930, ojú irin 16.5 ti wà nílẹ̀, ìyẹn tó bá òṣùwọ̀n mìlímítà 3.5 sí ẹsẹ̀ bàtà kan mu. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì tín-ín-rín ju ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù, mọ́tò ìgbà náà kò sì gba inú rẹ̀. Wọ́n bá sọ ara ọkọ̀ di ńlá sí 4, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú irin tó bá 4 mu gan-an ni 18.83. Bàbá náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tirẹ̀, igi kọ̀ọ̀kan, ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ó ń retí pé kí n sọ pé èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò ní ṣe é. Gbogbo ojú irin tí mo ní ni màá tú tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n sì fún mi nínú ilé yìí, àánú ni mo fi rí i gbà. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kò burú, kí n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ níbìkan pé mo mọ̀. Mo ti kọ ọ́ báyìí.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ṣírò ti ilé. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1900, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 ni: 14 ní òṣùwọ̀n tèmi. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó sí Ìbàdàn ní 2021, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínṣì 8 àti ààbọ̀ ni, ìwọ̀n tí ọwọ́ Stephenson sọ di ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó tó ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn ojú irin àkọ́kọ́ yẹn kí ìwọ̀n Rocket tó dé Mọ́níyà, níbi tí ọkọ̀ tuntun náà ti ń dúró ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kejì

Mo fi ayùn tín-ín-rín gé àpótí èéfín kúrò. Bọ́ílà tó gùn ní 27 tẹ́lẹ̀ di 24.2. Àṣé Rocket tòótọ́ ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, wọ́n kàn so imú mọ́ ọn ni. Mo fi ike pẹlẹbẹ dí iwájú rẹ̀, mo sì mú kí ìdí páìpù èéfín tẹ̀ wọlé síbẹ̀ tààrà.

Ibi tí iṣẹ́ ti wá di ti ara mi nìyí. Ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú Rocket, páìpù ńlá kan tàbí méjì ni iná máa ń gbà kọjá nínú omi bọ́ílà wọn. Henry Booth, tó jẹ́ akọ̀wé àti akápò ilé-iṣẹ́ ojú irin Liverpool àti Manchester, ló dá a lábàá pé kí páìpù kéékèèké pọ̀. Wọ́n fi 25 sí i, bàbà ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 3. Ẹni tó bá ti fi ẹran ńlá kan sínú ọbẹ̀ rí, tó tún gé irú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, ti mọ èyí tó máa ń tètè jinná. Ibi tí iná ti ń kan omi pọ̀ sí i, oru sì ń yọ kíákíá. Nínú gbogbo ohun tó wà lára Rocket, èyí ni mo kà sí jù, kò sì sí ẹni tó lè rí i láti ìta.

Ínṣì 3 di mìlímítà 1 lọ́dọ̀ mi. Wáyà bàbà tí a fi ń ṣe iná ilé wà nínú àpò iṣẹ́ mi, mo bó o, mo gé e sí wẹ́wẹ́, 24 ní gígùn. Ọmọ mi ń kà, èmi ń tò ó wọ inú bọ́ílà. Gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù mẹ́rin lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí nílò ìwúwo, torí bí kò bá wúwo, wíìlì ńlá kò ní yí nígbà tí tẹ́ńdà bá ń tì í, ńṣe ni yóò máa fẹsẹ̀ wọ́ lọ. Mo bá tún tẹ òjé sí abẹ́ rẹ̀ títí ó fi di gíráàmù 31. Mo da gúlúù sí i, mo dé e pa.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Ìyàwó mi gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì rí wáyà bàbà kan, gígùn rẹ̀ jẹ́ 24. Mo bi ọmọ mi léèrè pé mélòó ló kà. Ó ní 25 ni, àbí 24, pé mo ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń kà á lọ́wọ́. Gúlúù ti gan. Rocket mi ní páìpù 24.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kejì

Ọjọ́ wíìlì.

Sílíńdà méjì ló wà lára Rocket, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Oru á ti písítìnì, písítìnì á ti ọ̀pá, ọ̀pá á yí wíìlì. Mo wo tèmi láti iwájú, mo rí i pé ọ̀pá méjèèjì ń lọ sókè pọ̀, wọ́n sì ń sọ̀ pọ̀. Ike ni, mọ́tò inú tẹ́ńdà ló ń tì í, nítorí náà kò dí i lọ́wọ́. Ká ní oru ló ń wà á lóòótọ́ ni, wàhálà ni. Tí písítìnì bá dé òpin ìrìn rẹ̀, kò ní agbára kankan lórí wíìlì níbẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì lè dúró síbẹ̀ kó má lè gbéra mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya wọ́n sọ́tọ̀ ní ìdámẹ́rin yípo: bí ti ọ̀tún bá wà ní òpin, ti òsì wà láàárín, ibi tó ti lágbára jù.

Mo fa wíìlì òsì yọ lára ọ̀pá rẹ̀. Mo gé káàdì onígun mẹ́rin kan fún ìwọ̀n, mo yí wíìlì náà ní ìdámẹ́rin, mo sì tẹ̀ ẹ́ padà. Iṣẹ́ wákàtí méjì fún ohun tí ènìyàn á kọ ní ìlà kan.

Lálẹ́ ni bàbá mi pè láti Ìbàdàn. Mo ń ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe lo ọjọ́ ìsinmi mi, mo rò pé wọ́n á ní kí n wá nǹkan gidi ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá tiwọn ṣiṣẹ́ rélùwéè, ibi tí wọ́n gbé dàgbà kò sì jìnnà sí ojú irin. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin." Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ni, Dádì? Wọ́n ní, "Fà-kà-fì-kì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń dún kí wíìlì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò ní sítéṣọ̀n ẹ lè kà á: fà... kà... fì... kì. Bàbá mi ló fi hàn mí."

Mo jókòó. Sílíńdà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mí síta lẹ́ẹ̀mejì nínú yípo kan, ó di mẹ́rin. Oru tó ti ṣiṣẹ́ tán nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, páìpù kan ló ń gbé e lọ tú sínú páìpù èéfín, yóò tú jáde fùú, yóò sì fa afẹ́fẹ́ gba inú iná kọjá bó ṣe ń lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni iná rẹ̀ ń jó tó. Ohùn ìmí yẹn ni fà-kà-fì-kì. Ó sì lè jẹ́ mẹ́rin kìkì bí wíìlì kan bá ṣíwájú èkejì ní ìdámẹ́rin. Bó ṣe wà láàárọ̀ òní, tí méjèèjì jọ ń lọ sókè pọ̀, wọn ì bá máa mí pọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré: fà... fì. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti fi ẹnu ṣe ọkọ̀ rélùwéè rí ti ń ka ìdámẹ́rin yípo wíìlì láìmọ̀.

Mo fi wáyà bàbà ṣe páìpù méjì tó ń gbé oru láti sílíńdà lọ sí ìdí páìpù èéfín. Wọn kò sí lára èyí tí mo rà.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta

Ọ̀dà. Yẹ́lò sí bọ́ílà, funfun sí páìpù èéfín, dúdú sí ibi tó yẹ. Mo ra yẹ́lò mẹ́ta, ìyàwó mi mú èyí tó dà bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀, ó sì jàre. Funfun gba ìtẹ̀lé mẹ́rin kí dúdú abẹ́ rẹ̀ tó jọ̀wọ́. N kò ní àlàyé mìíràn, ọ̀dà máa ń sú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí kóòṣì. Ọmọ mi ti tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, ó sì ti to àwọn èrò sínú rẹ̀, ti aláìlórí náà wà níbẹ̀. Mo ní kóòṣì kò lè bá a lọ. Òfin ìdíje ni pé kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan fa ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀. Rocket wọn tọ́ọ̀nù 4 àti ìdámẹ́rin, ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 12 àti ìdámẹ́rin mẹ́ta: tẹ́ńdà rẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n kó òkúta sí. Òkúta ló fà. Ọdún kejì, 15 Oṣù Kẹsàn-án 1830, ni wọ́n tó ṣí ojú irin náà fún èrò, ọjọ́ yẹn kan náà ni Rocket gba William Huskisson, aṣòfin Liverpool, tó sì kú. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Ó ní nítorí náà òkúta ló dára jù, ó sì gbé kóòṣì rẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ òkúta méjì: igi kọfí lẹ́ẹ̀kan sí i, wíìlì láti inú ọkọ̀ mìíràn tó ti bàjẹ́, ṣéènì láti ara ẹ̀gbà ọrùn tó já. Òkúta náà, mo fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ láti inú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Èédú tẹ́ńdà ṣe pàtàkì. Òfin tún ní kí ẹ́ńjìnnì máa jó èéfín ara rẹ̀ tán, nítorí náà kóòkì ni wọ́n ń dáná, ìyẹn èédú tí wọ́n ti sun gáàsì àti èéfín rẹ̀ kúrò. Kóòkì kì í dán. Àwọ̀ eérú ni, ó rí sánkasànka bí òkúta tí wọ́n fi ń ha ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀dà Rocket tí mo rí lọ́jà pẹ̀lú èédú dúdú tó ń kọ mọ̀nà lórí, mo ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò ka òfin ìdíje. Èédú igi tó ṣẹ́kù nínú ohun ìyanran ọdún tó kọjá ni mo fọ́, mo sì po eérú díẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Ojú ọ̀nà ìdíje ní Rainhill gùn ní máìlì 1 àti ìdámẹ́rin mẹ́ta. Wọ́n ní láti lọ kí wọ́n sì bọ̀ nígbà mẹ́wàá, kó tó máìlì 35, kí wọ́n sinmi gba omi àti kóòkì, kí wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nínú gbogbo àwọn tó wá, Rocket nìkan ló parí rẹ̀. Novelty, tí ọ̀pọ̀ èrò fẹ́ràn jù, ń bàjẹ́ ṣáá. Sílíńdà Sans Pareil ti Timothy Hackworth ló ya. Cycloped kì í tilẹ̀ ṣe ti oru, ẹṣin ló ń rìn lórí pẹpẹ inú rẹ̀.

Ní òṣùwọ̀n tèmi, ojú ọ̀nà yẹn jẹ́ mítà 37. Ojú irin yàrá mi jẹ́ 5.3 yípo, nítorí náà yípo 7 ni ìrìn kan, 140 ni máìlì 35. Mo ṣètò iná kí ó máa lọ bíi máìlì 12 ní wákàtí kan, bíi ti Rocket fúnra rẹ̀ káàkiri ìdíje náà. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún yípo kan. Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán ni mo rí i pé wákàtí mẹ́ta kù díẹ̀ ló máa gbà, bó ṣe gba ti Rainhill. Ìwọ̀n lè kéré, aago kò kéré.

Ọmọ mi ń fi pẹ́ńsù fa igi sórí bébà. Wíìlì ńlá ń yí, kò wọ́sẹ̀. Bí ọ̀pá ọ̀tún bá dé òpin, ti òsì á wà láàárín, ọmọ náà sì ń sọ fà-kà-fì-kì lábẹ́ ẹnu, ó ń bá a mu.

Ní yípo 61 ó dúró. Píìnì tó so ọ̀pá òsì mọ́ wíìlì ló yọ, ó já bọ́ sínú àlàfo pákó ilẹ̀. A wá a fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo fi orí abẹ́rẹ́ ṣe tuntun. A bẹ̀rẹ̀ láti òdo lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, torí ọmọ mi ní àwọn adájọ́ Rainhill kò ní gba ìrìn ààbọ̀, ó sì parí 140 ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mọ́tò gbóná, kò rùn. Apá kejì kù, máìlì 35 mìíràn, àmọ́ wọ́n ti pè wá wá jẹun, ohùn tí wọ́n fi pè wá kò sì jẹ́ ká dúró.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Mo tún rí ọ̀kan. Pọ́n-ùn 9, irú kan náà, kò ní tẹ́ńdà, sílíńdà rẹ̀ ti ṣẹ́ kúrò, àpótí iná rẹ̀ ti sọnù. Kò sí ohun tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dúdú ni màá kun ún, màá sọ sílíńdà rẹ̀ kalẹ̀, n kò ní wá àpótí iná fún un, àpótí èéfín iwájú rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀: ti 1862 ni, èyí tí ọmọ mi ní òun kọ́. Mo ti ju wáyà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sínú agolo rẹ̀.